Ẹni Tí Yóò Máa Dáhùn Àgò

Ọdún kẹtàlá rèé tí Làtíífàt ti ń ṣe nọ́ọ̀sì àwọn tí orí wọn dàrú. Wọ́n ti bú u, wọ́n ti gbé e ṣépè, obìnrin kan ní Èrúwà tilẹ̀ ti da omi àwo sí i lára rí. Ṣùgbọ́n kò tíì kágò lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni kí onílé wí fún un pé kò yà. Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀? Bí ọ̀tá ẹni bá kágò, àgò yà là á wí fún un; bó bá wọlé tán, ká wá mọ ẹjọ́ tó bá wá.

Ó dé ẹnu ọ̀nà Bàbá Búrẹ́mọ̀ ní Ìdèrè ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan nínú ọyẹ́, ó sì ké bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

"Àgò onílé o!"

"Àgò ò yà," ohùn àgbà kan dáhùn láti inú ilé. "Ẹ padà sẹ́yìn."

Ohùn náà kò le, kò sì gbọ̀n. Ohùn ẹni tó ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà títí tó fi sú u ni. Làtíífàt wo Búrẹ́mọ̀, ọmọ bàbá náà, tó lọ pè é wá láti ilé ìwòsàn ní Ìgbó-Ọrà. Búrẹ́mọ̀ pòṣé.

"Ohun tí mò ń sọ fún yín nìyẹn, Sista. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni: àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́. Kò ní sí ẹnikẹ́ni níta, yóò ṣáà máa dáhùn. Mo ti mú ìyẹn mọ́ra. Ṣùgbọ́n àwọn àna wa gbé iṣu àti oyin wá láti Lanlate, wọ́n wá tọrọ Rùkáyyàh ọmọ mi, bàbá yìí jókòó sínú ilé, ó ní àgò ò yà. Wọ́n dúró nínú oòrùn títí, wọ́n tún ru ẹrù wọn padà. Ojú ń tì mí láti lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí wa báyìí. Ẹ gún un lábẹ́rẹ́ lónìí, ẹ jọ̀ọ́. Bó fẹ́, bó kọ̀."

Ó ti ilẹ̀kùn wọlé. Bí Làtíífàt ṣe fẹ́ tẹ̀lé e, ó rí i pé ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà tutù lójú méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí ibi tí ẹnìkan fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ tó sì dúró pẹ́. Òjò ti dáwọ́ dúró láti oṣù mẹ́ta. Láfún tí wọ́n sá sórí àpáta ní òdìkejì ọ̀nà ti gbẹ débi pé atẹ́gùn ń gbé e lẹ́búlẹ́bú. Síbẹ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, ó sì ń rùn bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Ó rò pé ẹnìkan ló da omi síbẹ̀. Ó ré e kọjá, ó wọlé.

Bàbá náà jókòó lórí àpótí, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Aṣọ ọrùn rẹ̀ mọ́, wọ́n sì ti gbá yàrá náà dáadáa. Ìyẹn gan-an bí Làtíífàt nínú díẹ̀, nítorí kò bá ohun tó ti rò sílẹ̀ mu.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Mo ní àgò ò yà, o wọlé. Ṣé ẹnìkan tọ́ ẹ, àbí ṣe lo kàn hù bí olú?"

"Bàbá!" Búrẹ́mọ̀ jágbe mọ́ ọn.

Bàbá náà kò wò ó. Làtíífàt rẹ́rìn-ín tí kò dénú, ó fa àga kan, ó jókòó, ó yọ fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ olú yẹn ti wọ̀ ọ́ lára. Àgbàlagbà obìnrin, nọ́ọ̀sì ìjọba, kí arúgbó kan tí wọ́n ní orí rẹ̀ kò pé máa pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́! Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́: láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́, kì í ṣe ibòmíràn.

Nítorí ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Dókítà Malachi, ọ̀gá rẹ̀ tó ń ti Ìbàdàn wá ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè, ti kọ́ ọ yékéyéké. Kí wọ́n tó gún ẹni tó bá kọ abẹ́rẹ́, ìbéèrè mẹ́rin ló wà. Ṣé ohun tí wọ́n sọ fún un yé e? Ṣé ó lè rántí rẹ̀? Ṣé ó lè gbé èrè àti ewu rẹ̀ wọn wò? Ṣé ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó pinnu? Ẹni tó bá lè ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó bá wá ní òun ò fẹ́, òun ló ni ara rẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀. "Pé ènìyàn kọ oògùn kò sọ pé kò ní làákàyè," ni dókítà máa ń wí. "Wádìí ìdí tó fi kọ̀ ọ́. Bi ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ẹni tó mú un wá. Kí o sì padà lọ bi í lọ́jọ́ mìíràn, nítorí orí tó gbóná lónìí lè tutù lọ́la."

"Bàbá," ni Làtíífàt wí, "abẹ́rẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni. Yóò jẹ́ kí ohùn tí ẹ̀ ń gbọ́ dákẹ́. Ó lè mú kí oorun máa kùn yín, ọwọ́ yín sì lè máa gbọ̀n díẹ̀. Ẹ tún un sọ kí n gbọ́."

Bàbá náà tún un sọ, kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Ó tilẹ̀ fi èyí tí Làtíífàt gbàgbé kún un, pé ó máa ń mú kí ẹnu gbẹ, nítorí ọmọ ará ilé kejì ti gbà á rí.

"Kí lẹ wá pinnu?"

"Mi ò fẹ́."

"Kí ló dé?"

Ó kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ débi pé Làtíífàt ní láti sún mọ́ ọn.

"Ọdún tí Búrẹ́mọ̀ yìí wọ iléèwé gírámà, tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi l'Érúwà, ìyá rẹ̀ ń ro ọkà lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan. Ẹnìkan kágò. Kò yíjú wo ẹni náà, ó ní àgò yà. Kò sẹ́ni tó wọlé. Nígbà tó dọ̀sán, àwọn ọmọ ní àlejò kan wà ní yàrá. Mo wọ ibẹ̀, mi ò rí nǹkan kan, àfi ilẹ̀ tó tutù. Kí oṣù yẹn tó parí, mo ti sin ọmọ méjì. Ìyá wọn ló ṣìkẹta. Nígbà tó yó, ó jáde."

"Akọ ibà ló pa wọ́n," ni Búrẹ́mọ̀ wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ìwọ ò sí ńbẹ̀. Nígbà tí o gbéyàwó wọ ilé yìí, ó padà wá. Mo gbọ́ àgò, mo mọ ohùn náà, mo ní kò yà. Ó lọ. Ó tún dé lọ́sàn-án. Ọdún kejìlélógún rèé. Ọmọ márùn-ún lo bí sínú ilé yìí, kò sí èyí tó kú ńbẹ̀. Ta lo rò pé ó ń ṣọ́ wọn?"

"Àwọn àna yín ńkọ́?" ni Làtíífàt béèrè. "Ṣé àwọn náà jẹ́ iwin ni?"

"Bi í léèrè, mélòó ni wọ́n?"

"Mẹ́ta ni wọ́n," Búrẹ́mọ̀ dáhùn.

"Ohùn mẹ́rin ló kágò."

Ewúrẹ́ kan ké lẹ́yìn fèrèsé. Làtíífàt rí i pé Búrẹ́mọ̀ ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó sì bínú sí i, ó tún bínú sí ara rẹ̀ nítorí òtútù kékeré tó gba ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ kọjá.

"Bó bá fẹ́ wọlé, kí ló dé tí kò fi ipá wọ̀ ọ́?"

"Kì í fipá wọlé. Ó lẹ́kọ̀ọ́ jù ẹ́ lọ." Bàbá náà wá wò ó lójú fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹni tó ń dáhùn ló ń bá lọ. Bó bá ní kò yà, yóò padà. Ṣùgbọ́n kì í sinmi. Bí o bá wá dí mi létí, ta ni yóò máa dá a lóhùn? Yóò wá ẹni tó ń dáhùn kàn ni. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Oorun dára o, ó wù mí. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọmọ ọmọ mi ra oorun."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ yìí, kí ló kù tí bàbá náà kò wọ̀n? Ó gbé èrè sọ́tùn-ún, ó gbé ewu sósì, ó sì mú èyí tó wúwo. Bó bá jẹ́ pé inú Làtíífàt tutù ni, ì bá ti dìde, ì bá ti bi ìyàwó Búrẹ́mọ̀ léèrè, ì bá sì ti padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n "ó lẹ́kọ̀ọ́ jù ẹ́ lọ" tún ti bọ́ sórí ti olú. Ó mú bírò, ó fàmì sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ pé aláìsàn kò lè wọn ọ̀rọ̀ wò. Àmì náà wọ ìwé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ú já.

Ó jáde síta, ó pe dókítà lórí fóònù.

"Ṣé o bi í lẹ́ẹ̀mejì?" ni Dókítà Malachi béèrè. "Lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O bi ẹlòmíràn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Kọ orúkọ rẹ síbẹ̀, kí o dáhùn fún un. Màá fọwọ́ sí i ní Mọ́ńdè."

Ibi tó dúró sí tó ń parọ́ yìí, orí ilẹ̀ tútù yẹn ni. Kò kíyè sí i títí ó fi gbẹ́sẹ̀.

Nígbà tó wọlé padà, bàbá náà ní kó ka ohun tó kọ sókè kí òun gbọ́ ọ. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Làtíífàt kà á, ó tilẹ̀ gbé ohùn sókè kí ó lè dun bàbá náà.

"Èmi, Làtíífàt Àkànó, ni mo ń dáhùn fún aláìsàn yìí láti òní lọ, nítorí pé kò lè dáhùn fúnra rẹ̀."

Bàbá náà rọra mi orí. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni àfi oòrùn àti eruku ọyẹ́, ó sọ̀rọ̀ ketekete bí ẹni ń fi ènìyàn méjì mọ ara wọn.

"Ṣé o gbọ́? Òun ni yóò máa dáhùn báyìí."

Kò jà. Búrẹ́mọ̀ tó ti múra láti dì í mú kò rí nǹkan kan dì mú. Nígbà tí abẹ́rẹ́ ń wọ̀ ọ́ lápá, bàbá náà wí fún Làtíífàt ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Àgò ò yà o." Làtíífàt ti oògùn náà wọlé, ó fi òwú nu ojú ibẹ̀, ó kó ẹrù rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ náà hàn. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, Búrẹ́mọ̀ pe Làtíífàt, ó ń ṣàdúrà fún un bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Bàbá ń sùn. Bàbá kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Àwọn ará Lanlate ti tún ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá tọrọ Rùkáyyàh. Làtíífàt gbé fóònù sílẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó sì wí fún ara rẹ̀ pé olú ló wo arúgbó náà sàn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Hàlímọ̀ tó ń gba káàdì lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ní ẹnìkan ń béèrè rẹ̀.

"Ta ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà. Ó dúró síta, mo ní kó wọlé, ó ní èmi kọ́ lòun ń wá. Ó ní Làtíífàt Àkànó ni, ẹni tó ń dáhùn. Ó béèrè ilé yín."

"Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Ẹ wò ó, mà, mi ò rántí. Ó ṣáà níwà dáadáa."

"O fi ilé mi hàn án?"

"Àlejò yín ló pe ara rẹ̀, mà."

Làtíífàt bú u. Lẹ́yìn náà ó gba ẹnu ọ̀nà jáde láti wò bóyá ẹni náà ṣì wà nítòsí. Kò bá ẹnikẹ́ni. Òórùn ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ kan wà níbẹ̀, ó sì rò pé àwọn tó ń ri páìpù omi ló gbẹ́lẹ̀ níbì kan.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin pé. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Làtíífàt ń fọ abọ́ ní kíṣìnnì, ọṣẹ dé e ní ìgbọ̀nwọ́. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Ṣakí. Ọmọ́tárá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ṣì ń sùn nítorí wọ́n ti gba họ́lídé. Ó ti pẹ́ tí Làtíífàt ti ń wo aago, ó mọ̀ pé òun yóò pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

"Àgò onílé o!"

Ohùn náà tutù, ohùn ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọlé onílé.

"Àgò yà o! Ẹ máa wọlé," ó dáhùn, kò yíjú.

Ó ṣan abọ́ tó kẹ́yìn. Kò gbúròó ẹnikẹ́ni. Ó nu ọwọ́ jáde sí pálọ̀, kò bá ẹnìkan, àfi kọ́tìnì ẹnu ọ̀nà tó ń mì. Ó rò pé ará ilé kejì ló wá tọrọ iná tó tún padà. Ó tẹ ibi tútù kan mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

"Ọmọ́tárá! Ta ló da omi síbí?"

"Èmi kọ́, Mọ́mì. Mo ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì."

"Dìde kí o jẹun. Mi ò ní pẹ́. Fóònù kékeré wà lórí tábìlì. Má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni o, ṣé o gbọ́?"

Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì, ó lọ.

Nǹkan bí aago mọ́kànlá, wọ́n kágò lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Ìwé ló ń kọ. "Àgò yà," ó ní. Bàbá Búrẹ́mọ̀ ló wọlé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún, ó wọ bùbá tí wọ́n lọ̀, ó dé fìlà. Ó jókòó. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ọjọ́ abẹ́rẹ́ mi pé," ó ní. "Mo wá fúnra mi."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣé ẹ̀ ń sùn?"

"Mò ń sùn. Ilé dákẹ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́."

"Ẹ rí i báyìí pé àìsàn ni."

"Bóyá," bàbá náà ní. "Mo kágò lẹ́ẹ̀kan, o ní àgò yà. O ò gbójú sókè wò mí. Ṣé bí o ṣe máa ń dáhùn nìyẹn?"

Làtíífàt fẹ́ fi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dé ẹnu rẹ̀, ó kú síbẹ̀. Ó rántí ọṣẹ, ó rántí kọ́tìnì. Òórùn ilẹ̀ tútù yẹn ń ti ara bàtà rẹ̀ bọ̀.

Bàbá náà rí ojú rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò ní ṣé òun ò sọ. Ìyẹn ló dẹ́rù ba Làtíífàt jù.

"Ìgbà wo ló kágò?" bàbá náà béèrè jẹ́jẹ́.

"Láàárọ̀ yìí."

"Ta ló wà nílé?"

Làtíífàt ti ń tẹ fóònù kí bàbá náà tó béèrè tán. Ó dún títí. Ọmọ́tárá gbé e, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mọ́mì, àlejò yín ní kí n má pariwo."

"Àlejò wo?"

"Ẹni tí ẹ ní kó máa wọlé láàárọ̀. Ó wà ní yàrá. Mọ́mì, ilẹ̀ ti tutù níbi gbogbo, ẹsẹ̀ ń dùn mí."

"Jáde síta! Gba fèrèsé, Ọmọ́tárá! Ọmọ́tárá!"

Fóònù ti kú.

Kò mọ bí ó ṣe gun ọ̀kadà. Ó ń gbọ́ tí ọlọ́kadà ń sọ̀rọ̀, kò mọ ohun tó ń sọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò, ó yí i, kọ́kọ́rọ́ náà yí, ilẹ̀kùn kò mì. Ó fi èjìká tì í, ó fi ẹsẹ̀ ta á. Àwọn ará ilé kejì jáde wá, wọ́n dúró. Omi ń ti abẹ́ ilẹ̀kùn ṣàn bọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó tutù, ó sì ń rùn bí sàréè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Nígbà tí agbára rẹ̀ pin, ó gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń ké ohun kan ṣoṣo tó kù tí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé lè ké lẹ́nu ọ̀nà.

"Àgò onílé o! Ẹ jọ̀ọ́! Àgò!"

"Àgò ò yà," ohùn tútù náà dáhùn láti inú ilé rẹ̀. "Ẹ padà sẹ́yìn."

"Ọmọ mi dà? Ọmọ́tárá, dá mi lóhùn!"

"Ọmọdé ni," ohùn náà wí. "Kò lè dáhùn fúnra rẹ̀. Èmi ni mo ń dáhùn fún un láti òní lọ."